Èéfín Tó Gba Abẹ́ Ilẹ̀ Lọ

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo nà gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀ wa, mo ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà. Ìyá àgbà jáde láti inú yàrá, wọ́n fi ìborùn bo èjìká, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, dìde nílẹ̀ kíákíá! Òtútù sìmẹ́ǹtì yẹn á wọ̀ ọ́ léegun." Mo dìde, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ohun tí mò ń wò. Nínú fíìmù náà, yìnyín ti bo gbogbo àgbàlá, òrùlé ilé sì funfun báláú. Ìyá arúgbó kan ti ìta wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀ bí ẹni tó ń yáná. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná kankan nínú yàrá náà.

"Màmá, ẹ wá wò ó," ni mo wí. "Ilẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń sùn sí kí òtútù má baà mú wọn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ta ló bá wọn dáná sábẹ́ ilẹ̀?"

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará Kòríà ń darí iná gbà, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń ṣe é. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí ni ondol, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí òkúta gbígbóná. Wọ́n tún ní orúkọ mìíràn fún un, ìyẹn gudeul.

Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje àròkọ yìí, mo ti mọ ohun tí màá kọ. Mo ka ohun tí mo lè rí kà, mo sì fi ìgboyà kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ mi báyìí: "Àwọn ará Kòríà ni wọ́n kọ́kọ́ mú ilẹ̀ ilé gbóná ní gbogbo ayé, ní ọdún 7,000 sẹ́yìn." Mo gbé e lọ fún olùkọ́ ìtàn wa. Wọ́n kà á, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀rí rẹ dà?"

Inú bí mi díẹ̀, nítorí ibi tí mo ti rí i kà ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ìwádìí, mo rí i pé ìbéèrè yẹn ju àròkọ mi lọ. Báwo ni a ṣe ń mọ ìgbà tí àwọn mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan nínú ilé wọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀? Ìdáhùn tí mo rí ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ondol ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá lè rí i kó kọjá lára rẹ̀. Nínú ilé Kòríà àtijọ́, ilẹ̀ ilé ìdáná máa ń rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹnu ààrò, tí wọ́n ń pè ní agungi, wà lára ògiri tó pààlà sáàárín ilé ìdáná àti yàrá. Bí ìyá ilé bá dáná láti se ìrẹsì, ooru àti èéfín kò ní gòkè lọ sórí àjà. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni wọn yóò gbà. Níbẹ̀, wọ́n ti la poro sílẹ̀, bíi poro tó wà láàárín ebè nínú oko iṣu. Gorae ni wọ́n ń pe poro wọ̀nyí. Wọ́n á to òkúta pẹlẹbẹ lé wọn lórí, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ojú òkúta náà dáadáa kí èéfín má baà yọ sínú yàrá, lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ bébà tí wọ́n fi òróró pa mọ́ orí amọ̀ náà. Èéfín á rìn gba inú poro, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún òkúta, á sì bá ihò èéfín jáde ní òdìkejì ilé. Iná oúnjẹ alẹ́ lè ti kú, ṣùgbọ́n òkúta kì í tètè tutù. Orí rẹ̀ ni àwọn ará ilé yóò sùn mọ́jú.

Iná kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjì: ó se oúnjẹ, ó sì mú yàrá gbóná. Èyí kì í ṣe fàájì. Ní Seoul, omi a máa dì ní oṣù Kíní, ìhà àríwá Kòríà sì tún tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rí ibi gbígbóná sùn sí nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè má jí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ẹ̀rí. Ògiri amọ̀ á wó, igi òrùlé á jẹrà, ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ máa ń pẹ́. Àwa náà mọ èyí nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́, nígbà tí ilé tó yí i ká ti di àwátì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kòríà. Awalẹ̀pìtàn tó ń wá ondol kò retí láti bá yàrá lódidi. Ohun mẹ́ta ló ń wá. Èkíní ni ibi tí wọ́n ń dáná sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti jóná di pupa. Èkejì ni poro tí wọ́n fi òkúta tàbí amọ̀ ṣe, tó ti ibi iná lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀kẹta ni ibi tí èéfín ń gbà jáde ní ìparí poro náà. Bí inú poro bá tún dúdú nítorí èéfín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ibẹ̀ ni gbólóhùn mi ti ṣubú. Ní ìlà oòrùn àríwá Kòríà, létí òkun, ibì kan wà tó ń jẹ́ Sopohang, tí àwọn ènìyàn ti gbé láti ìgbà tí òkúta ṣì jẹ́ irinṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 7,000 máa ń tọ́ka sí, nítorí ilẹ̀ tí iná jó tí wọ́n rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí iná jó yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí iná gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ààrò ìyá àgbà ní abúlé wa náà ti jó ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di pupa, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ondol. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti jókòó síbi tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ̀ pé ilẹ̀ a máa pa ooru mọ́. Àmọ́ bí kò bá sí poro, ẹ̀rí kò tíì pé.

Ọ̀rọ̀ "ní gbogbo ayé" tí mo kọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní erékùṣù Amaknak ní Alaska, tó jìnnà réré sí Kòríà, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilé jáde tó ti tó nǹkan bí ọdún 3,000, wọ́n sì bá poro tí wọ́n fi òkúta ṣe lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pẹ̀lú gbé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn lé orí òpó kúkúrú, wọ́n sì jẹ́ kí ooru iná máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òtútù kò mọ ìlú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ibi tó bá ti ń mú ènìyàn, ọgbọ́n á débẹ̀.

Níbo wá ni ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé? Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgbègbè odò Tumen, níbi tí Kòríà, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ti pààlà. Àwọn kan gbé níbẹ̀ ní ohun tó ju ọdún 2,000 lọ sẹ́yìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn Rọ́ṣíà ń pe àṣà wọn ní Krounovka, àwọn onímọ̀ Kòríà sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Okjeo. Ní Bulochka, tó wà ní ìhà ti Rọ́ṣíà, àwọn awalẹ̀pìtàn orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ wa ilẹ̀, wọ́n sì rí ilé tó ní ààrò, tó ní poro, tó sì ní ọ̀nà àbájáde èéfín.

Poro náà kò tíì gba gbogbo yàrá nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀. Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò, á tẹ̀ lé ògiri kan, nígbà mìíràn á sì tẹ̀ ní igun yàrá bí apá ṣe ń tẹ̀ ní ìgúnpá, kó tó jáde síta. Òkè rẹ̀ dà bíi pèpéle. Lórí pèpéle yìí ni wọ́n ń jókòó tí wọ́n sì ń sùn, nígbà tí àárín yàrá ṣì tutù. Ní àríwá Ṣáínà, wọ́n ní ibùsùn onípèpéle tó jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní kang. Ìbátan ni òun àti ondol.

Láti àríwá, ọgbọ́n yìí rìn lọ síhà gúúsù. Ní Neukdo, erékùṣù kékeré kan ní etíkun gúúsù Kòríà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí irú poro bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 2,000.

Nígbà tó di ayé ìjọba Goguryeo, tó gba ilẹ̀ àríwá Kòríà àti Manchuria títí di ọdún 668, ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé. Àwọn òpìtàn Ṣáínà tó kọ ìtàn ìjọba Tang, tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 945, sọ nípa àwọn ará Goguryeo pé tálákà pọ̀ láàárín wọn, àti pé nígbà òtútù, wọ́n a máa ṣe kòtò gígùn, wọ́n a sì dáná sábẹ́ rẹ̀ láti móoru. Mo dúró lórí ibi yìí pẹ́ díẹ̀. Aṣọ ọba àti fìlà àwọn ìjòyè wà nínú ìtàn yẹn. Nígbà tó kan àwọn tálákà, iná abẹ́ ilẹ̀ wọn ni òǹkọ̀wé rí sọ.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti òǹkọ̀wé náà lẹ́yìn. Ní Achasan, òkè kan tó kọjú sí odò Han ní Seoul, àwọn ọmọ ogun Goguryeo kọ́ àwọn ibùdó kéékèèké láti máa ṣọ́ ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n wa ibẹ̀, wọ́n bá ondol ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú àwọn ilé tí wọ́n ń sùn sí. Nígbà tí mo kà á, mo ro ti ọmọ ogun kan tó ti ìdí ìṣọ́ dé lóru, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ lé pèpéle gbígbóná. Ó ṣeé ṣe kó má ju mí lọ púpọ̀ lọ́jọ́ orí.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ tálákà kò dúró lọ́wọ́ wọn. Ní ìjọba Balhae, tó wà láti ọdún 698 sí 926, wọ́n ti rí ondol nínú ààfin olú-ìlú náà. Ní ìgbà Goryeo, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 918, poro bẹ̀rẹ̀ sí í kún abẹ́ gbogbo yàrá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe gbòòrò tó lè wo ahoro tẹ́ḿpìlì Hoeamsa ní Yangju, níbi tí wọ́n ti hú ondol ńláńlá jáde.

Síbẹ̀, kò kárí gbogbo ilé lọ́jọ́ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Joseon, orí pákó ni ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́lá ń gbé, wọ́n á sì fi yàrá ondol sílẹ̀ fún arúgbó àti aláìsàn. Kódà ní Seonggyungwan, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ọba ní Seoul, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ondol sí ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ṣe é fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ dá á fara da òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilé ìwé onílé-gbígbé, ẹ máa rántí wọn! Nígbà tó yá, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí ojú ọjọ́ tún tutù sí i, ondol di ti olówó àti tálákà káàkiri ilẹ̀ náà.

Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yàrá gbóná, ìgbé ayé náà yí padà. Ènìyàn kì í wọ bàtà wọ yàrá, nítorí ilẹ̀ ni ìjókòó, ilẹ̀ náà ni ibùsùn. Tábìlì oúnjẹ wọn kúrú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tẹ́ ibùsùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ká a. Ibi tó sún mọ́ ààrò ló máa ń gbóná jù, araenmok ni wọ́n ń pè é, àwọn àgbà àti àlejò ni wọ́n sì ń fi síbẹ̀. Àwọn ọmọdé á bọ́ síbi tí ooru ti dín kù. Ẹni tó bá wọ yàrá náà, láìsí pé ẹnì kan sọ fún un, á ti mọ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé.

Mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé oore nìkan ni ondol ṣe. Igi ni wọ́n ń fi dá iná náà. Bí gbogbo ilé bá ń dáná láràárọ̀ àti lálaalẹ́, igbó á máa kán. Nígbà tí Joseon fi máa dópin, ọ̀pọ̀ òkè tó yí àwọn ìlú ká ti di òkè lásán. Lẹ́yìn ogun Kòríà ti ọdún 1950 sí 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú ilẹ̀ tí wọ́n mọ roboto tí wọ́n sì lu ihò sí. Èyí dá igi sí, ṣùgbọ́n gáàsì olóró tó ń jẹ́ carbon monoxide ń tinú rẹ̀ jáde, kò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí amọ̀ ilẹ̀ bá sán, gáàsì náà á yọ wọ yàrá, àwọn tó sùn kò sì ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú báyìí kí omi gbígbóná tó ń gba inú páìpù tó rọ́pò èéfín. Àwọn tó ń dáná sínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nígbà ọyẹ́, tàbí tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n.

Páìpù ni wọ́n ń lò ní Kòríà báyìí, títí kan àwọn ilé alájà gogoro, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ilẹ̀ gbígbóná sílẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Gúúsù Kòríà kọ àṣà ondol mọ́ ara ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ọgbọ́n náà sì ti kọjá òkun. Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, jókòó nínú yàrá Kòríà kan ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Tokyo, ẹnu sì yà á pé yàrá gbóná láìsí iná lójú. Nígbà tó kọ́ ilé ìdílé Jacobs ní Madison, ní Wisconsin, ní ọdún 1937, abẹ́ ilẹ̀ ló gbé páìpù tó ń mú ilé náà gbóná gbà.

Mo ti yí gbólóhùn àkọ́kọ́ mi padà. Báyìí ló ṣe kà nísinsìnyí: "Ní ohun tó ju ọdún 2,000 lọ sẹ́yìn, ní àgbègbè odò Tumen, àwọn kan tí a kò mọ orúkọ wọn darí èéfín iná oúnjẹ wọn gba abẹ́ pèpéle tí wọ́n ń sùn lé." Ọdún tó wà nínú rẹ̀ kéré sí 7,000, kò sì sí "gbogbo ayé" nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ẹ̀rí dà, mo lè fi ààrò hàn án, mo lè fi poro hàn án, mo sì lè fi ibi tí èéfín gbà jáde hàn án. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó máa ń wù wá láti sọ pé tiwa tàbí ti ẹni tí a fẹ́ràn ló kọ́kọ́ wà. Ìtàn tó ní ẹ̀rí ló ń gbé ènìyàn ga. Èyí tí kò ní, ìbéèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló máa bì í wó.

Àwọn àgbà wa ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àwọn ará Tumen bo ti wọn mọ́lẹ̀ lóòótọ́, wọ́n to òkúta lé e lórí, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì kọjá, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣí òkúta náà, dúdú èéfín ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí wọn. Wọn kò kọ ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ́ ère wọn, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí wọ́n na ẹsẹ̀ sí lóru.

Nígbà tí mo parí àròkọ yìí, mo kà á fún ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ni o ní wọ́n ń fi sí ibi tó gbóná jù?"

Mo ní, "Àwọn àgbà ni, Màmá."

Wọ́n fa ìborùn wọn mọ́ra, wọ́n ní, "Ọmọlúàbí ni wọ́n."